Ayára-bí-Àṣá Tí Ń Rìn Bí Ìgbín: Ìtàn Wíwá Orúkọ Nínú Ìpamọ́ Ńlá

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ di ohun tí ojú wa ń rí, àwọn kan tí wọ́n mọ èdè í dá sọ ọ́ ní ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá. Orúkọ náà wù wá, a sì ń lò ó títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston, ní Toronto àti káàkiri ló ti jókòó níwájú àṣá yìí rí, tí ẹ tẹ orúkọ baba ńlá kan tàbí àkọlé ìwé àtijọ́ kan sínú rẹ̀, tí àmì róbótó kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀, tó ń yí, tó ń yí, títí omi tíì tí ẹ gbé kaná fi hó tán tó sì tún ń tutù. Nígbà tí àṣá padà dé, ó ní òun kò rí ẹran kankan gbé. Ẹ kò sì lè mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń wá kò sí níbẹ̀ ni, tàbí ó wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ kò mọ ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Púpọ̀ nínú ìtàn wa ti kó sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀: ìwé ìròyìn àtijọ́, lẹ́tà àwọn ajíhìnrere, ìwé ilé ẹjọ́, orúkọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Bí ìdáhùn bá pẹ́ jù, oníbèéèrè á dìde lọ, ohun tí a bá sì ti dìde kúrò nídìí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìlọ́ra yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n sì rí oògùn sí i ni wọ́n ti san nǹkan kan fún oògùn náà, nígbà mìíràn ó sì jẹ́ àwa la san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Nínú ilé ìpamọ́ ńlá, ẹrù wà, ọ̀rọ̀ tí a kọ nípa ẹrù náà sì wà. Ìwé ni ẹrù. Orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, èdè rẹ̀ àti ibi tó wà lórí pẹpẹ ni ọ̀rọ̀ nípa ẹrù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá nǹkan, kì í tú ẹrù wò, ọ̀rọ̀ nípa ẹrù ló ń tú. Nítorí náà, nígbà tí ìdáhùn bá ń lọ́ra, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀rọ̀ nípa ẹrù yìí ní metadata. Àwa yóò pè é ní ọ̀rọ̀ ìdámọ̀.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, Callimachus kọ ìwé kan tí wọ́n pè ní Pinakes, tó to àwọn òǹkọ̀wé àti iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó gba ìwé 120, irú èyí tí wọ́n ń ká bí ẹní. Ẹ wò ó: ìwé nípa ìwé ti di ẹrù fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1230, ní Paris, Hugh ti Saint-Cher àti àwọn àlùfáà Dominican ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú Bíbélì èdè Látìn, wọ́n sì yí i padà, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu lè rí gbogbo orí tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé lèèyàn ti ń lọ bá ọ̀rọ̀. Ní báyìí, ara ọ̀rọ̀ lèèyàn ti ń lọ bá ìwé. Ohun tí ẹ̀rọ ìwádìí òde òní ń ṣe gan-an nìyẹn, a óò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn òǹkàwé wa kan á ti máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣebí Ifá ti ṣe èyí tipẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan. Babaláwo kì í ki gbogbo ẹsẹ̀ Ifá láti Èjì Ogbè títí dé odù tó kẹ́yìn kó tó rí èyí tó bá oníbèéèrè mu. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Apá ọ̀tún mú un dé ọ̀kan nínú 16, apá òsì tún mú un dé ọ̀kan nínú 16, ó ti dúró lórí odù kan nínú 256. Inú odù yẹn nìkan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ̀. A kò tìtorí èyí sọ pé àwọn baba wa ló ṣe kọ̀ǹpútà. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní ohun púpọ̀ ní ìpamọ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àbùjá dé ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ á ṣú bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí ìjà lórí ìlọ́ra ti gbóná jù ni Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé-ìkàwé tó wà ní British Museum nígbà náà. Antonio Panizzi, amòfin ará Ítálì tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí ọ̀ràn ìṣèlú, tí wọ́n sì dájọ́ ikú fún lẹ́yìn ìsálọ rẹ̀, wọ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1831. Nígbà tó di 1837, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka ìwé títẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe ìwé atọ́ka tuntun kíákíá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣe òfin 91 nípa bí a ṣe gbọ́dọ̀ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, bí a ṣe máa ṣe ti ìwé tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé, bí a ṣe máa so orúkọ kan mọ́ òmíràn bí ẹnì kan bá ń jẹ́ méjì. Wọ́n tẹ àwọn òfin náà jáde ní 1841 nínú ìdìpọ̀ kìíní tó dá lórí lẹ́tà A. Lẹ́yìn A, wọn kò tẹ B.

Inú bí àwọn òǹkàwé. Wọ́n ní ọkùnrin yìí ń fi wọ́n ṣòfò ọjọ́. Ó tún ní kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ wá àmì ibi tí ìwé wà láti inú atọ́ka, kó kọ ọ́ sórí ìwé ìbéèrè kó tó lè rí ìwé gbà, èyí sì jọ wọ́n lójú bí ìyà. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ọba jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé náà láàárín 1847 sí 1849, Thomas Carlyle, òǹkọ̀wé ńlá, wà lára àwọn tó wá jẹ́rìí ta kò ó. Òǹkọ̀wé mìíràn, John Payne Collier, ní iṣẹ́ tí kò le ni wọ́n sọ di líle. Ó mú ìwé 25 nínú ilé ara rẹ̀, ó kọ atọ́ka wọn láàárín wákàtí kan, ó sì gbé e wá. Panizzi gbé iṣẹ́ náà fún John Winter Jones, igbákejì rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́: orúkọ tí kò pé, ọdún tí kò sí, àkọlé tí ẹnikẹ́ni kò lè fi mọ irú ìwé tó jẹ́. Ìgbìmọ̀ náà gbè sẹ́yìn Panizzi.

A ti rò ó títí, a sì gbà pé Panizzi ló jàre. Wákàtí tí Collier rí jèrè ni gbogbo òǹkàwé tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ìbá fi orí ara wọn san. Ìlọ́ra tó ti ọwọ́ ẹni tó ń kọ atọ́ka wá kì í tán nílẹ̀. Bí a kò bá jìyà rẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á jẹ ẹ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ odindi atọ́ka náà jáde jẹ́ 1881, Panizzi ti kú ní 1879.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain rí ohun tí atọ́ka jẹ́ lójú ara yín láìpẹ́ yìí. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2023, àwọn ọlọ́ṣà orí ẹ̀rọ kọlu British Library, tó jẹ́ ajogún ilé-ìkàwé Panizzi. Wọn kò jó ìwé kankan. Ìwé wà lórí pẹpẹ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n atọ́ka lọ, ilé tó ní ẹrù àràádọ́ta ọ̀kẹ́ sì dà bí ọjà tí iná kú nínú rẹ̀ lálẹ́. Oṣù Ṣẹẹrẹ 2024 ni wọ́n tó dá apá kan atọ́ka náà padà.

Lẹ́yìn Panizzi, káàdì ló gbòde. Ní 1876, Charles Cutter tẹ ìwé òfin tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 1901, Library of Congress bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì títẹ̀ fún àwọn ilé-ìkàwé mìíràn, kí ọgọ́rùn-ún ilé má baà máa kọ ohun kan náà lọ́gọ́rùn-ún ìgbà. Káàdì dára. Wọ́n tò ó sínú dúrọ́ọ̀ ní ìlànà A dé Z, ọwọ́ òǹkàwé sì lè fò dé àárín láìka ti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí gbà pé oníbèéèrè mọ lẹ́tà tí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kan wa.

Ẹ mú Ṣàngó. Ní ilé, Ṣ ni. Ní Kúbà, wọ́n ń kọ ọ́ ní Changó. Ní Bùràsíìlì, Xangô. Ní Trinidad àti nínú ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì, Shango. Òrìṣà kan ṣoṣo, dúrọ́ọ̀ mẹ́ta. Ọ̀ṣun di Ochún àti Oxum, Yemọja di Yemayá àti Iemanjá. Àwọn èèyàn wa fúnra wọn kò bọ́ nínú rẹ̀: ní Kúbà Lucumí ni wọ́n, ní Bùràsíìlì Nagô, ní Freetown Akú, nítorí pé “ẹ kú” ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu wọn tọ̀sán-tòru. Bí kò bá sí káàdì kan tó sọ fún òǹkàwé pé kó tún lọ wo dúrọ́ọ̀ kejì, ọmọ ìyá á kọjá lára ọmọ ìyá láìmọ ara wọn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi ìró ṣe é dípò lẹ́tà. Ní 1918, Robert Russell gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà kan tí wọ́n wá mọ̀ sí Soundex, tó ń sọ orúkọ di lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta, kí orúkọ tó dún bákan náà lè bọ́ síbì kan náà. A fi Ṣàngó dán an wò. Shango di S520, Changó di C520, Xangô di X520. Nọ́ńbà bára mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n òfin náà ní lẹ́tà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ yí padà, nítorí náà wọn kò pàdé síbẹ̀. Etí Amẹ́ríkà ni wọ́n fi gbọ́ ìró tí wọ́n fi ṣe òfin náà, kò sì sí ẹni tó rò pé Ṣ lè sọdá òkun kó pààrọ̀ aṣọ lọ́nà mẹ́ta.

Ẹni tó kó káàdì sínú kọ̀ǹpútà ni Henriette Avram, obìnrin kan ní Library of Congress. Láàárín 1966 sí 1968, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe MARC, ìlànà tí ẹ̀rọ fi lè mọ èyí tó jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àkọlé. Wọ́n rántí àwọn èdè tó ní àmì, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n fún ìyẹn. Nínú ìlànà wọn, àmì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Ó yani lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ààyè wà fún wa.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún 1971, ilé-ìkàwé Ohio University lo ẹ̀rọ àjọlò tí OCLC gbé kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ ìwé 133 lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ náà kò lágbára tó ti aago ọwọ́ òde òní, ilé-ìkàwé púpọ̀ sì ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá nìyí: wọ́n ní kí oníbèéèrè má tẹ àkọlé tán. Kó tẹ lẹ́tà mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ kìíní, méjì nínú ìkejì, méjì nínú ìkẹta, ọ̀kan nínú ìkẹrin. Ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, di ogb,od,ni,i. Ó yá gan-an ni, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ṣètò sílẹ̀ ṣáájú, ó kàn ń lọ síbẹ̀ tààrà. Àmọ́ ẹ wo iye tó ṣẹ́ kù lára àkọlé: ohùn ti lọ, àmì abẹ́ lẹ́tà ti lọ, Irúnmalẹ̀ pàápàá ti dẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ìwé Yorùbá mẹ́wàá bá sì fi “Ìwé” bẹ̀rẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe fẹ́ràn láti sọ ìwé wọn, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, a kò bú u. Owó tí wọ́n fi rà á la fẹ́ kí ẹ rí. OCLC kan náà ló tẹ káàdì rẹ̀ tó kẹ́yìn ní 1 oṣù Ọ̀wàrà 2015, lẹ́yìn bílíọ̀nù kan ó lé mílíọ̀nù ẹgbẹ̀rún dín lọ́gọ́rùn-ún, ìyẹn 1.9 bílíọ̀nù káàdì.

Ní àkókò kan náà, àwọn méjì mìíràn ń yanjú ìṣòro náà láti ìsàlẹ̀. Edgar Codd ti iléeṣẹ́ IBM kọ̀wé ní 1970 pé kí a to ìmọ̀ sórí àtẹ onílà àti olópòó, kí oníbèéèrè sọ ohun tó ń fẹ́ nìkan, kó má da ara rẹ̀ láàmú nípa ọ̀nà tí ẹ̀rọ máa gbà. Ní ọdún yẹn náà, Rudolf Bayer àti Edward McCreight, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìwádìí fún Boeing, ṣe atọ́ka kan tí wọ́n sọ ní B-tree. Ẹ fojú inú wo igi tí orí ìdí rẹ̀ ní ẹ̀ka 100, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún ní 100, tí ìyẹn náà tún ní 100. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré lẹ ṣe, ẹ ti yan ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan. Láìsí igi yìí, ẹ̀rọ á máa ṣí mílíọ̀nù ìlà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣá á fi ẹsẹ̀ rìn. Ní 1979, Patricia Selinger àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe lè yan ọ̀nà tó rọ̀ jù fúnra rẹ̀, nípa ṣíṣírò iye ìlà tó rò pé òun máa bá pàdé ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣirò náà bá ti gbó, bí ẹni tó ń fi iye owó ọjà èṣí lọ ọjà òní, ọ̀nà tó gùn ló máa yàn.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 1995, àwọn olùtọ́jú ìwé àti onímọ̀ ẹ̀rọ pàdé ní Dublin, wọ́n sì fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ díẹ̀ tí gbogbo ilé ìpamọ́ lè máa lò, tó wá di 15 lẹ́yìn náà. Dublin ti Ohio ni o, kì í ṣe ti Ireland, ọ̀pọ̀ ló ti ṣìnà síbẹ̀. Ní 2002, MIT àti iléeṣẹ́ Hewlett-Packard gbé DSpace jáde lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn yunifásítì káàkiri ayé gbà á, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ ní Nàìjíríà, láti fi tọ́jú àpilẹ̀kọ àti ìwé ìwádìí wọn.

Ibí ni ìlọ́ra òde òní ti máa ń wá, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Kí ilé ìpamọ́ lè gba irú ọ̀rọ̀ ìdámọ̀ tó bá wù ú, DSpace kó gbogbo rẹ̀ sórí àtẹ gígùn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀: ìlà kan fún òǹkọ̀wé, ìlà kan fún àkọlé, ìlà kan fún ọdún. Ó gba gbogbo ẹrù bí àpò ìyà Ìbejì. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà 20, àtẹ náà ti di 20 mílíọ̀nù ìlà. Ẹni tó bá bèèrè ìwé tí ẹnì kan kọ, ní èdè Yorùbá, ní ọdún kan, nípa ọ̀rọ̀ kan, ti mú kí ẹ̀rọ rin àtẹ yìí lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì wá fi èsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í sáré ra ẹ̀rọ tó tóbi sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá àgbà máa ń kọ́kọ́ dábàá nìyẹn. Wọ́n á ní kí ẹ̀rọ sọ ọ̀nà tó gbà. Nínú PostgreSQL, tó wọ́pọ̀ lábẹ́ DSpace, ọ̀rọ̀ kan wà, EXPLAIN, tí wọ́n ń fi síwájú ìbéèrè, ẹ̀rọ á sì ka ìrìn rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn wọ́n á rí i pé kò sí atọ́ka lórí òpó tí wọ́n ń bi léèrè. Nígbà mìíràn atọ́ka wà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ní kí a wá “dé” níbikíbi nínú orúkọ, dípò ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, igi tó to orúkọ láti lẹ́tà àkọ́kọ́ kò sì wúlò mọ́. Nígbà mìíràn ìṣirò ti gbó, wọ́n á ní kí ẹ̀rọ tún ìlà rẹ̀ kà. Nígbà mìíràn sì rèé, ojú ìwé kan ṣoṣo tí a ń wò ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́dúnrún ìgbà, bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀, tó dé tán, tí wọ́n tún rán an lọ ra ata. Fún ìwádìí ọ̀rọ̀ gan-an, wọ́n padà sí ọgbọ́n Hugh ti Saint-Cher: Lucene, tí Doug Cutting kọ́kọ́ kọ ní 1999, àti Solr tó jókòó lórí rẹ̀, ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ gbogbo ibi tó ti jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé gbogbo èyí wá sórí orúkọ tiwa. Lẹ́yìn tí òfin 1807 ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wà lára wọn: 1821 ni wọ́n kó o, 1822 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú omi. Akọ̀wé ń kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń fún un ní nọ́ńbà, ó ń kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó ń wọn gíga rẹ̀. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Freetown àti ní Havana ni àwọn òpìtàn ti kó orúkọ 91,491 jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkójọ ìrìnàjò ọkọ̀ ẹrú tí David Eltis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ sórí CD ní 1999 pẹ̀lú ìrìnàjò 27,233.

Orúkọ 91,491 kò pọ̀ fún ẹ̀rọ. Kì í ṣe iye rẹ̀ ló ń dá ìṣòro sílẹ̀. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ló fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ Òjó, akọ̀wé Sípéènì tí kò ní lẹ́tà fún ìró j wa ló ń kọ ní Havana, ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè wa fúnra rẹ̀ kò sì tíì dúró: Crowther kò tíì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀, 1843 ló jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpàdé ìkọ̀wé 1875 ní Èkó, lẹ́yìn rẹ̀ ni àtúnṣe 1974 tó sọ “aiye” di “ayé”, tó sọ “enia” di “ènìyàn”. Oníbèéèrè kan fi ìkọ̀wé òní bèèrè, àkọsílẹ̀ fi ìkọ̀wé àná dáhùn.

Kọ̀ǹpútà tún fi tirẹ̀ kún un. Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń tọ́jú lẹ́tà, ọ àti ẹ ní nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé èdè Vietnam ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ́ tó ní ohùn òkè lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A lè fi ọ ṣe é kí a fi ohùn lé e. A lè fi ó ṣe é kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. A sì lè mú o lásán kí a fi àmì méjèèjì sí i, èyí tó bá wù wá ṣáájú. Ọ̀nà mẹ́rin, ojú kò lè mọ̀yàtọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí wọn kò bá kìlọ̀ fún á ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn olùtọ́jú ìpamọ́ kan ní àwọn á yanjú rẹ̀ nípa bíbọ́ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ nígbà tí ìbéèrè bá dé. Kíá ni atọ́ka wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́: orúkọ tó wà lórí igi ní àmì, èyí tí wọ́n ń wá kò ní, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìlà kọ̀ọ̀kan láti bọ́ ọ níhòòhò kó tó lè fi wéra. Àmì róbótó tó ń yí lójú yín lè jẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an ló ń ṣe. Àwọn mìíràn wá ní ó tán, ká bọ́ àmì kúrò nínú àkọsílẹ̀ pátápátá. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oko tí a ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ tó ni ín, ọkọ̀ tó gbé e lọ àti ọ̀kọ̀ tó fi ṣọdẹ ti di “oko” kan ṣoṣo.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kò sì wọ́n. Kí ilé ìpamọ́ tọ́jú orúkọ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, tí òǹkàwé yóò rí, èkejì láìsí àmì, tí a ti bọ́ sílẹ̀ ṣáájú, tí atọ́ka yóò dúró lé. Kí wọ́n sì fi Changó àti Xangô sí ẹ̀yìn Ṣàngó bí Panizzi ṣe máa ń so orúkọ mọ́ orúkọ. Ààyè tó gbà lórí ẹ̀rọ kò tó nǹkan lónìí. Bí ẹ bá bá ilé-ìkàwé kan pàdé níbi tí “Ọ̀ṣun” kò ti mú Oshun jáde, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú rẹ̀ kí wọ́n lè dán an wò.

Àwọn òpìtàn tó kó orúkọ ìgbà òwò ẹrú jọ gba ọ̀nà mìíràn kún un: wọ́n jẹ́ kí a gbọ́ bí orúkọ náà ṣe lè dún, wọ́n sì pe àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà láti wá sọ èyí tí wọ́n mọ̀. Òpó orúkọ nìyẹn. Nínú ìwé àtijọ́ náà, tó wà ní ibi ìpamọ́ ìjọba Sierra Leone ní Fourah Bay College, níbi tí Àjàyí ti wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1827, òpó kan tún wà tí akọ̀wé ti ṣe àpèjúwe ilà àti àpá ara ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò mọ pélé, kò mọ àbàjà, kò mọ gọ̀ǹbọ́. Ó kàn ń kọ ibi tí ilà wà, ní ọ̀rọ̀ tó bá ti wá sí i lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Kò sí atọ́ka tó tíì to òpó yẹn bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà tó lè ka ilà lójú èèyàn kí wọ́n sì sọ ìlú rẹ̀ ṣì wà láàárín wa níhìn-ín, ní ilé àwọn ọmọ wọn, wọn kò pọ̀ mọ́.